Ìyá Lucien ní Apá Àlejò

Nínú gbogbo àwa ará Pont Clair, kò sí ẹni tó gbọ́ bọ́ọ̀lù tó Ozella Batiste. Gbọ́ la wí o, a ò ní wò. Bí ariwo bá ru sókè lójijì bí omi tó hó bo ìkòkò, ó ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí Lucien ọmọ òun fọwọ́ jù ti dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí. Bí gbogbo èèyàn bá jọ mí kanlẹ̀, ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òdìkejì ti já a gbà lójú òfuurufú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá pa rọ́rọ́, tí àwọn ọmọ tó ń fun fèrè pàápàá gbàgbé fèrè sẹ́nu, nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró lórí èso pikáànì tó ń fọ́, á wá máa pe Màríà Mímọ́ lábẹ́nú títí pàtẹ́wọ́ á fi sọ fún un pé ọmọ náà ti dìde.

Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí pápá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà ìkórè ìrèké, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì, tí fadá àti ọlọ́pàá jọ wà lórí àga pákó kan náà, Ozella á gbé àga rẹ̀ lọ sí apá àlejò, níbi tí àwọn tó tẹ̀lé ẹgbẹ́ òdìkejì wá máa ń jókòó sí. Ní apá tiwa, kò sí ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ kó má ròyìn eré sí i létí. Á wé gèlè yẹ́lò rẹ̀, á kọjú sí oko ìrèké, á gbé abọ́ lé itan. Èéfín ìrèké tí wọ́n ń sun á máa rìn bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìkùukùu odò á pàdé rẹ̀ lọ́nà, iná mànàmáná pápá á ti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, á na òjìji rẹ̀ gbọọrọ wọ inú ìrèké. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe é bíi pé òun kọ́ ló jókòó síbẹ̀, pé òjìji yẹn gan-an ni òun, tó ń lọ sínú oko jẹ́jẹ́, tí ariwo ń tì í lẹ́yìn. Wọ́n á ti parí eré kó tó mọ̀ pé abọ́ ti kún.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ ò pé. Nígbà tí Lucien ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, Alcide bàbá rẹ̀ wà láyé, tọkọtaya náà sì jọ lọ wo eré àwọn ọmọdé. Ozella fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Gbé ọwọ́ kúrò lójú, ìyàwó," Alcide wí. "Eré lọmọ ń ṣe, wọn ò pa á."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Ṣé etí lo fẹ́ fi wò ó ni?"

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Bó ṣe gbé e kúrò báyìí ni ọmọ gìrìwò kan fi akoto orí gbá Lucien láyà. Ọmọ náà nà gbalaja sílẹ̀, kò mira. Inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti padà lajú, tó ń bèèrè ẹni tó borí. Ozella ò bèèrè ẹni tó borí ní tiẹ̀. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ojú òun ló lu ọmọ náà bolẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni òkun gbé Alcide lọ tòun ti ọkọ̀ tó fi ń pa edé, Lucien nìkan ló wá kù fún obìnrin náà láyé. Ẹni tó ní ẹyọ kan kì í fi dán nǹkan wò.

Àwa náà ò ràn án lọ́wọ́. Ká sòótọ́, àwa la ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Nígbà tí Lucien di kọ́tabáàkì iléèwé girama wa, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń ti bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó bọ̀ lọ́wọ́, tó gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa jù ú sí kí àwọn òmìrán tó ya lù ú, ajá kan gbó lẹ́yìn Ozella lọ́jọ́ kan, òun náà sì bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n já bọ́ọ̀lù Lucien gbà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Kóòṣì Robichaux tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gbé kéèkì wá sílé obìnrin náà.

"Ìyá Lucien, mo wá bẹ̀ yín ni."

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni, Kóòṣì?"

"Bí ajá bá gbó, ẹ jẹ́ kó gbó. Bí ilé yín bá ń jó, àwa á bá yín pa iná. Ẹ ṣáà má bojú wẹ̀yìn mọ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí yunifásítì, ẹ gba irú nǹkan báyìí gbọ́?"

"Èmi ò gba nǹkan kan gbọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n eré ńlá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bí gbogbo ìlú ṣe sọ ẹ̀yìn obìnrin náà di oògùn nìyẹn. Àwọn ọmọdé mọ̀ pé àwọn ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ eré. Ẹni tó bá pè é, ìyá rẹ̀ á fà á létí.

Ohun tí ayé wá mọ Lucien mọ́ ni ojú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ òdìkejì kì í wo ọwọ́ kọ́tabáàkì, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Lucien á wo apá àlejò, wọ́n á sáré lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun, òun á wá ju bọ́ọ̀lù sí apá kejì níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni àfi ọmọ Pont Clair kan tó na ọwọ́ sílẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́ ní Olójú Irọ́. Wọ́n ní ọgbọ́n àgbà ló wà lórí ọmọ kékeré. Kóòṣì Robichaux ní òun lòun kọ́ ọ, ó sì ń gba ìkíni káàkiri. Lucien á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní wọ́n bi òun gan-an, kò lè sọ ibi tó ti kọ́ ọ.

Ojú yẹn ló gbé e dé yunifásítì ìpínlẹ̀ wa. Pápá ibẹ̀ tóbi débi pé Pont Clair lè wọ inú rẹ̀ kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, Ozella ò sì wọlé rí. Ìta ló máa ń jókòó sí, lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, níbi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lápá ẹnu-ọ̀nà àlejò, láàárín àwọn tó ti ti òwúrọ̀ gbé ìkòkò jambaláyà kaná. Wọ́n á bu ìrẹsì àti sọ́séèjì fún un, wọ́n á bi í bóyá kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà ni. Á ní ọmọ òun wà nínú. Wọ́n á ní ta lọmọ rẹ̀. Bó bá dárúkọ ọmọ, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á tún bu ìrẹsì kún un, nítorí wọn ò gbà á gbọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n.

Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe ti etí nìkan. Ilẹ̀ ló ń gbé e wá. Á ti àtẹ́lẹsẹ̀ gun orúnkún rẹ̀, abọ́ pikáànì á máa gbọ̀n lórí itan, òun á di ojú. Lójú inú, á rí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kò yára, ó ń fò lọ bí ẹyẹ lékeléke tó ń wálé nírọ̀lẹ́. Nínú àlá ojú ọ̀sán yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Lucien rí. Ó wù ú kó máa gbé ibẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ń ṣa àwọn ọmọ yunifásítì, gbogbo wa kún ilé Eulalie, ọ̀rẹ́ Ozella láti kékeré. A yí tẹlifíṣọ̀n ká, a gbé fóònù Lucien sí àárín tábìlì. Ozella wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ igi pikáànì. Ó gbọ́ tí fóònù dún. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ilé bú sí ariwo, tí àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti mú ọmọ òun lọ sọ́nà jíjìn. Inú rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú méjèèjì.

Ìlú tí wọ́n mú un lọ wà lókè àríwá, létí adágún ńlá kan, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ozella ò lè fi ilé ìdáná iléèwé tó ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ máa bọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀. Bó bá ti ti ìsìn Máàsì dé, á jókòó ní fàráńdà Eulalie, Eulalie á wà nínú ilé níwájú tẹlifíṣọ̀n, fèrèsé á wà ní ṣíṣí.

"Ozella, wá wo ọmọ rẹ. Ó mà ti sanra o."

"Ṣáà máa bá mi wò ó."

"Bí o ṣe máa gbọ́ ọmọ bíbí inú rẹ títí láé nìyẹn, bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù?"

"Òjò yẹn ò tíì pa á. Jẹ́ n máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Àmọ́ ohun tó ń gbọ́ ò dáa. Eulalie á mí kanlẹ̀, á tún mí kanlẹ̀. Ẹni tó ń ròyìn eré nínú tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sì gba ojú fèrèsé jáde wá bá ìyá ọmọ: "Ojú ọmọkùnrin yìí ń ju bọ́ọ̀lù kí ọwọ́ rẹ̀ tó jù ú." Ẹni tí Lucien fẹ́ jù ú sí ló máa ń tẹjú mọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ á ti dúró dè é. Olójú Irọ́ ti di olóòótọ́, òótọ́ yẹn sì fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un kúrò nínú eré, ó di ẹni tó ń dúró sétí pápá pẹ̀lú fìlà lórí. Èjìká rẹ̀ yẹ̀, wọ́n là á, wọ́n rán an. Ozella fẹ́ràn àwọn Àìkú tí kò ṣeré yẹn, ojú sì ń tì í pé òun fẹ́ràn wọn.

Ní ọdún karùn-ún, nígbà tó ku eré kan ṣoṣo kí sáà àti àdéhùn Lucien parí, kọ́tabáàkì àkọ́kọ́ fara pa, èkejì rọ́ lẹ́sẹ̀. Ó wá ku Lucien. Bó bá ṣe dáadáa, ẹgbẹ́ kan lè tún fojú kàn án. Bí kò bá ṣe dáadáa, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń pe ẹni kẹta lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án, bí obìnrin náà ṣe ń bu ẹ̀wà pupa lé ìrẹsì fún àwọn ọmọ iléèwé.

"Màmá, ẹ máa bọ̀."

"Ṣé ara rẹ le?"

"Ara mi le. Mo rí nǹkan kan, fóònù ò sì gbà á. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ó wọ bàálù lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré, ó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ó se ọbẹ̀ gọ́mbò, ó gé ilá sí i bí Lucien ṣe fẹ́ ẹ. Yìnyín ń bọ́ lóde, kò dún rárá. Ohun tó yà á lẹ́nu jù nìyẹn, pé kí nǹkan tó pọ̀ tó báyẹn máa bọ́ láti ọ̀run kó má dún. Lucien tan tẹlifíṣọ̀n.

"Pa nǹkan yẹn, Lucien. O mọ̀ pé n kì í wò ó."

"Ẹ má wo eré, Màmá. Orí mi ni kí ẹ wò. Fíìmù ìgbà tí mo wà ní girama ni. N ó dá a dúró kí n tó ju bọ́ọ̀lù."

Ó yọjú láàárín ìka. Ó rí ọmọ rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, akoto tóbi jù ú lórí, tó gba bọ́ọ̀lù tó fà sẹ́yìn, tó yí ojú sí apá àlejò. Lucien dá a dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn ìlà funfun, létí àwòrán, nǹkan yẹ́lò kékeré kan wà.

"Kí nìyẹn?"

"Gèlè yín ni."

Ó fi òmíràn hàn án, ó tún fi òmíràn hàn án. Gbogbo rẹ̀ ló rí bákan náà. Ọmọ á yí ojú, gèlè yẹ́lò á wà níbẹ̀.

"Wọ́n ní mò ń fi ojú tan àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ," Lucien wí. "N ò tan ẹnì kankan jẹ. Ẹ̀yin ni mò ń wò. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà níbẹ̀."

"Ní yunifásítì ńkọ́? Ìta ni mo wà."

"Àlàfo kan wà láàárín àga lápá àlejò. Mo máa ń rí òkè àwọn ọkọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn ọ̀kan. Níbí, ògiri ni gbogbo ẹ̀. N ò ríbi gbé ojú sí, Màmá. Àfi ẹni tí mo fẹ́ jù ú sí."

Ozella ro ọbẹ̀ tí kò nílò ríro. Ó ń dùn ún, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Gbogbo ọdún tó fi ojú pa mọ́ fún ọmọ yìí, ọmọ yìí ń fi ojú wá a.

"Ojú mi ló lù ọ́ bolẹ̀ níjọ́sí," ó wí. "Bí mo bá wò ọ́ lọ́la tí nǹkan ṣe ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi bó bá wù yín. Ẹ ṣáà jókòó níbi tí mo ti lè rí gèlè. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Apá àlejò ni."

Bí Ozella Batiste ṣe bá ara rẹ̀ ní iwájú pátápátá nínú pápá ńlá yẹn nìyẹn, láàárín àwọn tó wá láti ìlú òdìkejì, tí gbogbo wọn wọ aṣọ aláwọ̀ ewéko, tí òun nìkan wé gèlè yẹ́lò sórí kóòtù, tó kọ ẹ̀yìn sí eré. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó fi ọ̀dà ewéko kun ojú ló wà ní ìlà ìjókòó kejì, òun àti Ozella sì kojú síra.

"Màmá, ẹ̀yìn yín leré wà o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ lè máa wo irùngbọ̀n mi?"

"Ọmọ mi ló rà á. Irùngbọ̀n rẹ náà ò sì burú."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fún un ní ìdajì bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òun náà sì bu pikáànì fún un. Ojú àwọn èèyàn wọ̀nyí ni Ozella ti wá ń gbọ́ eré ní báyìí, ṣùgbọ́n ó ní láti yí i po, nítorí ohun tó bá bà wọ́n nínú jẹ́ ni oúnjẹ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fajú ro, á fọ́ pikáànì kan. Wọ́n ń fajú ro dáadáa. Yìnyín ń bọ́ sí wọn lójú, ọ̀dà ewéko ń ṣàn, gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi, òun náà sì fẹ́ẹ́ sùn lọ.

Àfi bí ilẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́. Apá ibí dákẹ́, apá ọ̀hún dákẹ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ lórí.

"Kí ló dé?" Ozella bi í.

"Kọ́tabáàkì wọn ni, Màmá. Wọ́n gbá a mọ́lẹ̀. Kò dìde."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí pikáànì. Ó pe Màríà Mímọ́, ó dúró de pàtẹ́wọ́, pàtẹ́wọ́ ò dé. Ẹ̀rù bà á débi pé ara rẹ̀ tutù ju ojú ọjọ́ lọ. Inú ẹ̀rù yẹn ló ti rántí pé òun ò wò ó. Òun ò wò ó rárá, ó sì ṣubú. Ojú òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bóyá kò sí nínú rẹ̀ rí.

Ozella yí padà.

Pápá náà fẹ̀ lọ salalu, funfun ń bọ́ sórí ewéko. Láàárín rẹ̀, àwọn dókítà yí ọkùnrin kan ká, ọkùnrin náà ti wà lórí orúnkún kan, ó ń mí gúlegúle, ó sì kọjú sí apá àlejò. Ó ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èjìká rẹ̀ ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà rí i pé ojú ló wà níbi tí ẹ̀yìn ti máa ń wà. Ó dìde. Ó ti àwọn dókítà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n tò. Wọ́n ti bọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó fà sẹ́yìn, ó sì yí ojú sí ìyá rẹ̀. Àwọn òmìrán ń bọ̀, Ozella rí wọn, kò bojú. Ẹ̀ṣọ́ kan tó ga gan-an ya kúrò láàárín, ó ń sáré tọ ibi tí òun jókòó sí bọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán sí òun. Lucien ò gbé ojú kúrò. Ojú Alcide ló wà nínú akoto. Apá rẹ̀ lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó ṣì ń wò ó. Lẹ́yìn Ozella, gbogbo àwọn aláṣọ ewéko jọ mí kanlẹ̀, lọ́nà jíjìn lápá ọ̀hún, omi hó bo ìkòkò.

Ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu wa. Nígbà tí ìgbà òtútù tán, kò sí ẹgbẹ́ tó pe Lucien. Èjìká yẹn ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ó padà wálé, òun àti Kóòṣì Robichaux ló jọ ń kọ́ àwọn ọmọ girama wa báyìí, Robichaux ṣì ń sọ pé òun lòun kọ́ ọ ní ojú irọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ozella ṣì máa ń gbé àga lọ sí apá àlejò, àmọ́ pápá ló ń kọjú sí, èéfín ìrèké ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀.

Lọ́jọ́ tí Ozella dé láti òkè àríwá lẹ́yìn eré yẹn, Eulalie ti dúró dè é ní fàráńdà. Ozella ò tíì bọ́ kóòtù tí Eulalie fi bẹ̀rẹ̀.

"Gbogbo ayé ni wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù yẹn hàn o. Mo ti wò ó títí ojú ń ta mí. Ìwọ tó o wà níbẹ̀, báwo ló ṣe rí nígbà tó ń fò?"

Ozella jókòó, ó fọ́ pikáànì kan. "N ò rí i."

"O ò rí kí ni? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, o wá bojú wẹ̀yìn tán, o ò wo bọ́ọ̀lù?"

"Ọmọ mi ló ń wò mí, Eulalie. Ibo lo fẹ́ kí n tún máa wò?"